Wákàtí Mẹ́rìnlá Lójú Òfurufú

Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án kìlómítà ó lé díẹ̀ ló wà láàárín pápákọ̀ òfurufú méjèèjì, wákàtí mẹ́rìnlá ni bàálù sì fi ń fò ó. Bíríkìlà àgbà náà ti há a sórí. Ó tilẹ̀ fi tépù rẹ̀ wọ̀n ọ́n lórí máàpù: kò gùn tó búlọ́ọ̀kù kan. Ó di ọdún mọ́kànlá tó ti fojú kan ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo gbẹ̀yìn, ojú náà sì ti ń ṣe bàìbàì. Ó fẹ́ rí i kí ojú ọ̀hún tó fọ́ pátápátá.

Ọmọ náà ló ṣètò ohun gbogbo. Ó fi ìwé ránṣẹ́, bàbá sì tẹ̀ka síbi gbogbo tí wọ́n fi pẹ́ńsù sàmì sí. Ọmọ náà tún ní kí ayálégbé tó wà ní yàrá ẹ̀yìn kó jáde, kó má baà ba ilé jẹ́ nígbà tí bàbá ò bá sí ńlé. Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, ó tún pè.

"Bàbá, aago mélòó gan-an ni bàálù yín máa gbéra?"

"Aago mẹ́wàá àárọ̀ yìí. Ìgbà kẹta tí o bi mí nìyẹn."

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò fẹ́ àṣìṣe ni."

Aránṣọ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bá a gbé àpò dé ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Bíríkìlà, wákàtí mẹ́rìnlá lórí ìjókòó! Ṣé ìdí yín á gbà á? Ẹ má lọ sọ fún awabàálù pé kó dúró kí ẹ tọ̀ o."

"Ẹnu rẹ á pa ọ́, àbúrò. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ilé yìí, èmi nìkan. Kí wá ni wákàtí mẹ́rìnlá?" Ó fọwọ́ pa ògiri. "Oṣù mẹ́ta péré ni. Máa bá mi gbá iwájú ilé."

Nínú bàálù, ọmọbìnrin tó jókòó tì í ń bá a wo kìlómítà tó ń dínkù lójú tẹlifíṣàn kékeré.

"Ó ku mélòó?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, sà."

"Báyìí ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ rọra sùn díẹ̀ ná."

Kò sùn. Ó ń ro ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe, bóyá kó bá ọmọ rẹ̀ wí ni, àbí kó dì mọ́ ọn. Nígbà tó fi ku igba kìlómítà, ó ti dárí jì í.

Níbi tí àwọn èèyàn ti ń pàdé èrò, obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun gbé páálí tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí dání.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Èmi ni mo wá gbé yín lọ sílé àwọn arúgbó. Yàrá yín ti wà nílẹ̀."

"Ilé àwọn arúgbó kẹ̀? Ọmọ mi dà?"

"Àárọ̀ yìí làwọn náà gbéra, sà, wọ́n á ti máa balẹ̀ lọ́dọ̀ yín báyìí, wọ́n ní ẹni tó ra ilé yín fẹ́ káwọn wà níbẹ̀ nígbà tí katakata bá ń wó o lọ́la."