Dráífà Tuntun fún Kàlẹ́ńdà Ìkórè

Oníkọ̀ǹpútà tẹ bọ́tìnì kan, ojú kọ̀ǹpútà sì ṣókùnkùn.

"O ti bà á jẹ́," ni Ìyá Motún wí. Òun àti Ìyá Túnjí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni ìjọ wọn ní Òmù-Àrán rán wá yan fọ́tò ìkórè tí wọ́n máa fi ṣe kàlẹ́ńdà.

"Rárá, mà. Dráífà tuntun, ètò tó ń jẹ́ kí ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ dáadáa, ló ń wọlé. Àwòrán ò ní ṣe bàìbàì mọ́."

Lóòótọ́, fọ́tò náà yọ kedere: Ìyá Túnjí ń jó lọ síwájú pẹpẹ, ó gbé àkùkọ ọrẹ rẹ̀ sókè.

Ìyá Motún sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó nàka sí ẹsẹ̀ àkùkọ náà. "Àkísà àǹkárá tí mo so mọ́ ẹsẹ̀ àkùkọ mi tó sọnù nìyẹn."

Ìyá Túnjí yíjú sí oníkọ̀ǹpútà. "Ọmọ mi, ṣé dráífà àtijọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"