Morufat àti Ẹ̀rọ Ìlọta Inú Yàrá Ẹ̀tù

Ẹ̀yin ará, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ jókòó kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ohun tó lè pa yín ti di ojúlùmọ̀ yín.

1.
Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lọ́dún 1954, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Morufat. Ẹ̀tù ìbọn ló ń tà fún àwọn ọdẹ. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́tù, ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ìyá náà kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀, ẹni tí wọ́n pọ̀n sá lọ́mọ ọwọ́ nígbà Ogun Àgídìngbì, nígbà tí ìbọn ńlá àwọn òyìnbó ń dún láti orí omi.

"Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀tù," Ìyá Ẹlẹ́tù máa ń sọ fún Morufat àti Àdíját, àbúrò rẹ̀. "Èédú, imí ọjọ́, àti iyọ̀ funfun kan tí kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Inú iyọ̀ yẹn ni èémí iná wà. Iná mìíràn, tí ẹ bá dé e mọ́lẹ̀, á kú. Ẹ̀tù kò nílò afẹ́fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ má jẹ́ kí irin wọ yàrá yìí láéláé. Irin kan irin, ó ta iná pàrà, ó parí nìyẹn."

Igbá, síbí igi àti odó nìkan ló wà níbẹ̀. Morufat a máa bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ kó tó wọlé. Nígbà tó yá, kò bọ́ ọ mọ́.

"Ẹ̀tù ti mọ̀ mí," ó máa ń sọ, á sì rẹ́rìn-ín.

2.
Òjò ọdún yẹn kò mọ̀wọ̀n. Òrùlé jò, ẹ̀tù inú àgbá rin gbingbin. Bẹ́ẹ̀ Morufat ti ṣèlérí fún Bashiru, olórí àwọn ọdẹ kan láti Ẹ̀pẹ́, pé ẹ̀tù tí wọ́n máa fi yìnbọn níbi ìsìnkú àgbà ọdẹ wọn kan yóò wà nílẹ̀. Ó tiẹ̀ fọ́nnu pé kò sí ẹlòmíràn l'Ékòó tó lè ṣe é.

"Dà á sọ́sà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ẹ̀tù tó bá ti rin, kò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́. Sọ fún ọkùnrin náà pé kò sí. Ìtìjú ọjọ́ kan ni, á kọjá."

"Kí èmi sọ pé kò sí? Màámi, ayé ìgbà yín kọ́ la wà yìí o."

Ó sá ẹ̀tù náà sóòrùn lórí ẹní. Ó gbẹ, àmọ́ ó dì bí òkúta. Odó igi kò sì yá tó lójú rẹ̀. Ni Morufat bá gba Ọjà Balógun lọ, ó ra ẹ̀rọ ìlọta onírin, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí.

3.
Ó dúró di ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ lọ kí ẹbí ní Òkè Àrin. Àdíját, tó ti ilé ọkọ wá ràn án lọ́wọ́, dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ wọlé.

"Àǹtí mi, irin mà lèyí."

"Mo rí i. Mo ti fi epo pa á. Wọlé jàre."

Igbá kìíní jáde, ó kúnná bí àtíkè. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Igbá kejì jáde. Morufat bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé o rí i?"

Àdíját fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, ó sì yára fà á padà. "Ó ti ń gbóná o."

"Ọwọ́ rẹ ló tutù."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ṣé ẹ ò ti ní sá jáde? Àdíját kò sá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ó sì gbà á gbọ́.

Bashiru kígbe "àgò" láti ìta. Morufat nu ọwọ́ rẹ̀.

"Máa yí i lọ fún mi. Mo ń bọ̀."

4.
Lójú títì, lọ́dọ̀ Bashiru, Morufat kò gbọ́ ìró kankan. Ó kàn dà bíi pé ẹnìkan tì í lẹ́yìn ni. Nígbà tó gbójú sókè, paánù ilé wọn ń já bọ́ sójú títì. Ẹnu àwọn èèyàn ń ṣí, ó ń pa dé, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Èéfín funfun ń tú jáde, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́.

Ó dìde, ó fẹ́ sáré wọlé. Bashiru dì í mú.

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Àbúrò mi wà níbẹ̀!"

Ibi tí wọ́n ti ń jà ni àgbá tó kù bẹ́. Ògiri wó.

Wọ́n sin ìwọ̀nba ohun tí wọ́n rí lára Àdíját kí oòrùn tó wọ̀. Ìyá Ẹlẹ́tù dé, kò sunkún. Ó jókòó síwájú Morufat, ó sì sún mọ́ etí rẹ̀ kan tó ṣì ń gbọ́ràn díẹ̀.

"Ta ló ń yí ẹ̀rọ náà?"

"Àdíját ni, Màámi."

"Ìwọ ńkọ́, níbo lo wà?"

Morufat na ìka sí ojú títì.

"Ìta ni mo wà."

Ìyá Ẹlẹ́tù dìde, ó kó aṣọ rẹ̀ tó ṣẹ́kù, ó lọ gbé lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ní Òkè Àrin. Títí tó fi kú, kò jẹ oúnjẹ láti ọwọ́ Morufat mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ohun tó ń gbiná, tí ẹ ń gbé e pamọ́ sínú ilé, tí ẹ ń sọ pé ó ti mọ́ yín lára: pé kò tíì pa yín títí dòní kì í ṣe àdéhùn pé kò ní pa yín lọ́la. Bí ẹ̀rù bá ń ba ẹni tó dúró tì yín, ẹ fetí sí i. Kí ìtìjú kékeré má sì jẹ́ kí ẹ fi ọmọ ẹlòmíràn sídìí ewu tí ẹ̀yin fúnra yín gbé kalẹ̀. Ẹ kà á fún gbogbo ará ilé yín lónìí.