Omi Ọdún Yìí

Ìdánrawò ò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Tíṣà Akínṣọlá ka orúkọ ìlú tí ilé-ìwé wọn máa bá díje. Ìlú tí rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀ bá borí ló máa rí omi ẹ̀rọ lò lọ́dún yìí. Wọ́n á ti ẹ̀rọ omi ìlú kejì pa. Tèmiladé, ọmọbìnrin tó ń darí rọ́bọ́ọ̀tì wọn, ní kó tún orúkọ náà kà. Ìlú màmá àgbà rẹ̀ ni.

Fóònù rẹ̀ dún. Màmá àgbà náà ló fẹ́ ṣàdúrà fún un, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Màmá ò tíì gbọ́ pé ìlú òun ni wọ́n máa bá díje. Tíṣà pàápàá ń gbọ́ omi ẹ̀rọ tó ń dà sínú báàfù lẹ́yìn Màmá nínú fóònù náà.

"Ọmọ mi, gbogbo ẹni tó bá dojú kọ yín, ìkòkò wọn á gbẹ!"

Àdúrà àgbà rèé, ta ló máa gbọ́ ọ kó panu mọ́?

"Àmín, Màmá," ni Tèmiladé dáhùn.