Ṣòkòtò Tó Ní Kí Ìyá Mosúnmọ́lá Jókòó

"Màmá, orúnkún yín ò tíì san. Ẹ jókòó." Ṣòkòtò eré ìdárayá tó ń ṣọ́ ìlera, èyí tí òfin ní kí gbogbo èèyàn máa wọ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì le gbagidi mọ́ Ìyá Mosúnmọ́lá lẹ́sẹ̀ nísàlẹ̀ òkè Ìdànrè.

Màmá ró ìró lé e, ó tiraka bọ́ ọ lábẹ́ ìró, ó fi gèlè di orúnkún tó wú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀.

"Màá fẹjọ́ yín sun ìjọba o!" ni ṣòkòtò ké láti ilẹ̀.

"Lọ sọ! Kí wọ́n tó rán ọ ni orúnkún yìí ti ń gbé mi gun òkè. Jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ ná, aṣọ ìnulẹ̀ ni màá fi ọ́ ṣe."