Ife Mílíìkì ní Ilé Fàsásì

Ọjọ́ tí Zikrullah wá láti Ìbẹ̀ṣẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, tó ní ọmọ olóògbé Fàsásì ni òun, kí wọ́n fún òun ní yàrá kan nínú ilé bàbá òun, Rọ̀kíbátù, ìyàwó olóògbé, ní kí wọ́n fún un.

"Yàrá ẹ̀yìn ṣófo," ó ní. "Ẹ jẹ́ kọ́rọ̀ tán níbẹ̀."

Mubashir, àkọ́bí rẹ̀, fárígá. "Ìyá, ẹ ò lè máa fi ilé Bàbá ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Mílíìkì ló máa dá ẹjọ́ yìí."

Mílíìkì lèèwọ̀ ilé náà. Fàsásì kì í mu ún, Rọ̀kíbátù alára kì í mu ún: ṣíbí kan péré, ó di ṣáláńgá. Torí náà wọn kì í rà á wọlé, ọmọ kankan ò sì tọ́ ọ wò rí.

Toyyibah, àbúrò Mubashir, nọ́ọ̀sì ni ní Ìkòròdú. Ó rẹ́rìn-ín.

"Èèwọ̀ kọ́. Nǹkan kan ló ń bẹ nínú ìfun tó máa ń fọ́ ṣúgà inú mílíìkì. Bí bàbá àti ìyá ò bá ní in, ọmọ tí wọ́n jọ bí ò lè ní in."

"Ìyá tèmi náà kì í mu ún," ni Zikrullah wí.

"Ó parí!" Mubashir pàtẹ́wọ́. "Ẹni tó bá mu ún tínú rẹ̀ ò yí, kì í ṣe ọmọ Fàsásì. Kó wọkọ̀ padà sí Ìbẹ̀ṣẹ̀."

"Mubashir, mo bẹ̀ ọ́."

"Ìyá, àbí ẹ̀rù ọmọ orogún ń bà yín ni?"

Wọ́n lọ ra mílíìkì agolo kan, wọ́n pò ó kún ife mẹ́ta. Zikrullah wo tirẹ̀, kò gbé e.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó gbé nǹkan fún àlejò ló ń kọ́kọ́ mu ún."

Mubashir dà á sọ́fun. Toyyibah náà mu. Zikrullah wá mu. Rọ̀kíbátù ní òun fẹ́ lọ wo ẹja lórí iná. Iná ò sì sí lábẹ́ ìkòkò kankan.

Nígbà tó ṣe, inú Zikrullah bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Ó di ìdí mú, ó sáré. Toyyibah gbá tẹ̀ lé e, ó ń lu ilẹ̀kùn ṣáláńgá: "Àbúrò mi, mo ti gbà, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá, ṣáà jáde!"

Nígbà tí Rọ̀kíbátù fi máa padà sí pálọ̀, Mubashir nìkan ló jókòó síbẹ̀, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó ti lá ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́, ó ní, "Ìyá, ó mà dùn o! Ṣé kò kù nínú agolo?"