Èémí Èèrà

Olùwádìí kan tẹjú mọ́ èèrà tó ń rìn nínú ìgò, pẹ̀lú irin tín-ń-tín tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹ̀rọ kan ń wọn bí ẹrù náà ṣe ń tán an lókun.

Ìyàwó rẹ̀, tóyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́sàn-án, gun àtẹ̀gùn wọlé pẹ̀lú korobá omi.

"Olówó orí mi, ẹ bá mi gbé e."

"Ní sùúrù. Ó ti rẹ èèrà yìí. Mo fẹ́ bá a sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀."

Ó rọra yọ irin náà, ó kán oyin síwájú èèrà.

Obìnrin náà gbé korobá sílẹ̀, ó di ògiri mú.

"Omi ti dà o!"

"Tètè nù ún," ni ọkọ dáhùn láìwẹ̀yìn, "kó má baà dé ọ̀dọ̀ èèrà."

Nígbà tó yíjú padà, ilẹ̀ ti tutù lábẹ́ ìyàwó rẹ̀, korobá sì kún dẹ́múdẹ́mú.