Èènì Inú Ògì Adégbóyè

Adégbóyè kì í ṣe olè, kò sì purọ́ fún oníbàárà rí. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò gbà pé ohun rere lè tó. Bí ó bá bu ọbẹ̀ fún ọ, àwo rẹ yóò kún títí yóò fi dà sí ọ lẹ́sẹ̀. Bí o bá ní ó ti tó, yóò rẹ́rìn-ín, yóò tún bù sí i. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ìtàn yìí, nítorí àwọn tí mo ń sọ ọ́ fún a máa mi orí, wọn a sì padà sílé lọ ṣe bákan náà. Ṣùgbọ́n n ó tún un sọ.

Ní ọdún 1991, nígbà tí wàrà inú agolo ti di ohun tí àwọn olówó inú GRA nìkan ń rà, Adégbóyè kó láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Ìlọrin, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní àdúgbò Challenge. Ó ń yan ẹ̀wà sóyà, ó ń lọ̀ ọ́ mọ́ ògì tí ó ti sá gbẹ, ó sì ń dì í sínú ọ̀rá tà. Alhájà Sadiya, tí ó ń ta oògùn nítòsí rẹ̀, ló fi ìyẹ̀fun funfun kan tí wọ́n ń pè ní magnẹ́síọ̀mù hàn án. Ó ní ara nílò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún egungun àti iṣan, àti pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń fi í sínú oúnjẹ. Ó fún un ní ṣíbí ìmutíì kan.

"Ṣíbí kan sí kóńgò márùn-ún," ni Alhájà wí. "Fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ."

"Alhájà, ẹ jẹ́ n fi èènì díẹ̀ sí i fún wọn."

"Ẹ̀wà là ń fi èènì sí, Adégbóyè. Ti èyí, iye tó tó náà ni àlùbáríkà rẹ̀."

Fún oṣù mélòó kan ó ń fi ọ̀bẹ gé e bí wọ́n ti wí. Ògì náà tà. Garba, tíṣà kan ní Malete, a máa kó ogún ọ̀rá lẹ́ẹ̀kan, àwọn ìjòyè ìjọba ní GRA sì ń rán dírẹ́bà wá. Adégbóyè ra ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn àgbàlagbà ń sọ pé orúnkún àwọn le sí i, ìyìn yìí sì dùn mọ́ ọn ju owó lọ. Ó wá ń rò ó pé bí ṣíbí kan bá ṣe báyìí, mẹ́ta ńkọ́? Ta ló tilẹ̀ ń tajà ní Ìlọrin láìfi èènì sí i? Ahun ni wọn yóò máa pe òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu ṣíbí gegele, ó di ṣíbí méjì, ó di ẹ̀kúnwọ́. Ọ̀bẹ tí Alhájà ní kó fi máa gé e di ọ̀bẹ búrẹ́dì.

Lọ́jọ́ kan Salimat, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà, gbé ọmọ rẹ̀ wá. "Bọ̀dá Adégbóyè, ọjọ́ kẹta rèé tí ọmọ yìí ti ń yàgbẹ́ gbuuru. Ògì yín nìkan ló ń mu."

"Ìdọ̀tí inú ló ń jáde," ni Adégbóyè dáhùn, ó sì fi ọ̀rá kan ta á lọ́rẹ.

Alhájà Sadiya gbọ́, ó sì wá bá a. Ìgbà kẹta tí ó wá kìlọ̀ fún un nìyẹn. Kò pariwo mọ́, ó kàn jókòó sórí àpò àgbàdo. "À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ ààtàn lọ jẹ̀," ni ó wí. "Mo ti sọ tèmi, wallahi." Ó dìde, ó lọ.

Ọdún yẹn náà ni ìyá Adégbóyè dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba kíndìnrín màmá jẹ́ díẹ̀, dókítà sì ti sọ èyí fún ọmọ rẹ̀. Adégbóyè fẹ́ràn ìyá rẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ife ẹ̀kọ mímu ti màmá lọ́tọ̀ ni, èènì tirẹ̀ sì lọ́tọ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò ó.

"Bóyè, ó ti tó," ni màmá máa ń wí.

"Ẹ mu ún, Màmá. Ẹ ò tíì yó."

Nígbà tó yá, màmá ń sùn lọ́sàn-án. Apá rẹ̀ kò lè gbé ife mọ́. Adégbóyè rí i pé kò lágbára, ó sì fi ṣíbí kan kún un. Ó mú ife náà dání fún un títí ó fi gbé e mì. "Ó ti tó, ọmọ mi," ni ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu màmá kẹ́yìn.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà bi í pé kí ni màmá ń jẹ. Adégbóyè fi ìdùnnú gbé agolo ìyẹ̀fun funfun náà sílẹ̀, ó ka iye ṣíbí fún un. "Kíndìnrín ló yẹ kó máa da èyí tó bá ṣẹ́kù nù," ni dókítà wí. "Ti màmá kò lè ṣe é mọ́. Gbogbo rẹ̀ ló jókòó sí wọn lára." Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, màmá ti kú. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká. Salimat sọ tirẹ̀, Garba kó ọ̀rá mọ́kànlá padà, kò sì sẹ́ni tó tún ra ògì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ta ọkọ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù. Mo lọ kí i ní ọdún 1997 nínú yàrá kan ṣoṣo tí ó kù sí. Ó bu omi fún mi, kò ju ìdajì ife lọ, ó sì dúró, ó ń wo ẹnu mi. "Ṣé ó ti tó?" ni ó bi mí. Omijé bọ́ lójú mi.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èyí, ohun tí ó ń ṣeni lóore náà ní ìwọ̀n, ìfẹ́ kò sì sọ àṣejù di oore. Ẹ bọ̀wọ̀ fún òṣùwọ̀n tí ẹni tó mọ̀ bá fi lé yín lọ́wọ́, kódà bí ó bá kéré lójú yín. Bí ẹni tó ń jẹun bá sì sọ pé ó ti tó, ẹ gbé ṣíbí sílẹ̀.